Ọ̀nà Tí Oúnjẹ Kò Rí Gbà: Àkọsílẹ̀ Àríyànjiyàn Lórí Ìrànwọ́ fún Biafra, 1968 sí 1970

Ayùn ni àwọn obìnrin tó ń ta pańla ní ọjà Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta, fi ń gé e, nítorí pé ọ̀bẹ kò ràn án. Ẹja náà le koko bí igi ìdáná, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a sì máa dà sórí tábìlì bí ẹni ń rẹ́ pákó. Ibẹ̀ ni mo dúró sí ní ọjọ́ kan tí bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Ìgbò tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Láfẹ́ńwá láti bí ogójì ọdún, fọwọ́ kan èyí tí ìyá ọlọ́jà ń gé, tí wọ́n sì sọ pé, "Ìyá, ẹ má fojú kékeré wo ẹja yìí o. Òun ló gbà mí là. Òru ló máa ń dé bá wa." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn kò lè rín in, nítorí mo mọ òru tí bàbá ń sọ. Nígbà tí ogun ń lọ, wọ́n jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, nítòsí Ihiala.

Kí ló dé tí ẹja tí àwọn ará Nọ́wè fi ṣe ìrànwọ́ fún ọmọ tí ebi ń pa fi ní láti máa yọ́ wọlé lóru bí olè? Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Kò sí ìjọba kan láyé ìgbà náà tó sọ ní gbangba pé kí àwọn ọmọ Biafra má jẹun. Èkó, níbi tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi ṣe olú-ìlú nígbà náà, sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n jẹun, Ojukwu tó jẹ́ olórí Biafra sọ bẹ́ẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù, Páríìsì, Wáṣíńtìnì àti Àdìs Àbábà sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wà nílé ìkẹ́rù. Ọ̀nà tí yóò gbà ni kò sí, àìsí ọ̀nà náà kò sì ṣẹ̀yìn àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ìpàdé.

Àwa Ègbá kọ́ ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Àwọn tí ogun abẹ́lé tú nílé ló sá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830 tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn. Nígbà tó sì di 1877, àwọn ọmọ wọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá Ìjẹ̀bú pawọ́ pọ̀ dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, kí iyọ̀ àti ètù ìbọn má bàa dé ibẹ̀ láti etí òkun. A ti wà ní ìhà méjèèjì ọ̀ràn ọ̀nà dídí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu kéde pé agbègbè Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ti di orílẹ̀-èdè Biafra, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìgbò ní Òkè Ọya lọ́dún tó ṣáájú. Ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Yakubu Gowon dí ojú omi àti ojú òfuurufú agbègbè náà, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje. Bonny bọ́ lọ́wọ́ Biafra láìpẹ́. Enugu àti Calabar tẹ̀lé e nínú oṣù Kẹwàá. Nígbà tí Port Harcourt bọ́ nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1968, Biafra kò ní èbúté kankan mọ́, àwọn èèyàn tó sá fún ogun sì kún ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù dẹ́nu. Kí ogun tó dé, màlúù Òkè Ọya àti pańla ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ẹran tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ti dí, ẹ̀gẹ́ ló kù. Ẹni tó bá fi láfún dàgbà bíi tiwa mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ a máa yóni, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè wo ọmọ dàgbà. Àìsàn kwashiorkor dé: ikùn àti ẹsẹ̀ ọmọ á wú, irun rẹ̀ á pọ́n, ojú rẹ̀ á dá gúdẹ́. Àwòrán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló kún ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹfà ọdún 1968, òun náà ló sì sọ ogun tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kò kà sí di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bi àwọn aṣòfin wọn léèrè.

Uli ni ọ̀nà tó wá ṣe pàtàkì jù nínú ìwọ̀nba tó kù. Kì í ṣe pápákọ̀ òfuurufú látilẹ̀wá. Ojú títì ọlọ́dà tó gba Ihiala kọjá ni wọ́n fẹ̀, tí wọ́n to iná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Láti erékùṣù São Tomé tó wà lábẹ́ Pọtogí, láti Fernando Po (erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Bioko lónìí), àti láti Kùtọnu ní Dàhómì (Benin Republic òde òní) nígbà tó yá, ni àwọn bàálù ti ń gbéra ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ lè ṣú kí wọ́n tó wọ agbègbè náà. Awakọ̀ á máa yí kiri nínú òkùnkùn láìtan iná kankan. Tí wọ́n bá fún un láṣẹ, iná títì á tàn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, yóò bọ́ sílẹ̀, iná á sì kú. Bàálù ìjọba àpapọ̀ tún máa ń wà lókè tí yóò máa dúró de iná yẹn kó lè ju àdó olóró. Àwọn ọkùnrin á sáré já àpò wàrà gbígbẹ, iyọ̀ àti pańla sórí lọ́rì, wọ́n á sì gbé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí ara wọn kò yá padà sínú bàálù tó ti ṣófo, kí wọ́n lè lọ tọ́jú wọn ní Gàbọ́n, São Tomé tàbí Côte d'Ivoire. Àwọn ìjọ Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì tó dara pọ̀ lábẹ́ Joint Church Aid nìkan fò ju ìgbà 5,000 lọ kí ogun tó parí. Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa Àgbáyé náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà ni pé ojú títì yìí kan náà, ní òru kan náà, ni bàálù tó kó ìbọn àti ọta láti Libreville àti Abidjan ń bà sí. Nínú òkùnkùn, ta ni yóò mọ bàálù tó gbé wàrà yàtọ̀ sí èyí tó gbé ìbọn? Biafra mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wù ú kó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Èkó wí nìyí: kí oúnjẹ gba orí ilẹ̀ láti Enugu gba Awgu wọlé, tàbí kí bàálù máa fò lọ́sàn-án lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá ti yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Ohun tí Biafra fèsì ni pé ọ̀nà orí ilẹ̀ tí wọ́n bá la fún lọ́rì oúnjẹ ni ọkọ̀ ogun yóò bá wọlé, pé májèlé lè wà nínú oúnjẹ tó bá ti gba ọwọ́ ọ̀tá kọjá, àti pé bàálù ológun lè fara pamọ́ sẹ́yìn bàálù oúnjẹ lọ́sàn-án kó wá ba títì Uli jẹ́. Nínú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó kẹ́yìn ló rí bí òótọ́ lójú mi. Májèlé ní tirẹ̀ wúlò fún rédíò ju bó ṣe wúlò fún ìlera ẹnikẹ́ni lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní bá ẹni tí wọ́n ti pa ará ilé rẹ̀ jiyàn nítorí pé ó ń fura. Èyí tí wọn kò sọ síta ni pé bí bàálù oúnjẹ bá kó lọ sí ọ̀sán, bàálù ìbọn nìkan ni yóò kù lóru, ojú á sì tó o.

Èkó náà ní èyí tó ń fi sínú. Ní 1983, níbi ìpàdé kan ní ìlú wa Abẹ́òkúta yìí, àwọn akọ̀ròyìn bi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ Kọ́míṣọ́nnà fún Ètò Ìnáwó nígbà ogun, léèrè ọ̀rọ̀ ebi náà. Àlàyé rẹ̀ ni pé òun lọ sí àwọn ìlú tí ọmọ ogun àpapọ̀ ti gbà, òun rí àwọn tí kwashiorkor ń bá jà, òun sì gbọ́ pé sọ́jà Biafra ló ń dá oúnjẹ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ lọ́nà, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Nítorí náà òun ní kí wọ́n dáwọ́ ìfiránṣẹ́ náà dúró, kí ogun lè tètè parí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìhà ibí yìí kì í fẹ́ kí a sọ èyí sókè, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò kò sì fẹ́ gbọ́ pé ó ní àlàyé kankan. Ìṣirò náà yé mi. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tó gbé ìbọn dání ni ebi máa ń pa kẹ́yìn láwùjọ, nígbà tí sọ́jà yóò bá sì fi juwọ́ sílẹ̀ nítorí ebi, ọmọ ọdún mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kú.

Òfin ayé ìgbà náà kò lòdì sí Èkó pátápátá. Àdéhùn Geneva ti 1949 sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí oúnjẹ àwọn ọmọdé àti aláboyún kọjá, ṣùgbọ́n ó fún ẹni tó dí ọ̀nà láyè láti yẹ ẹrù wò, àti láti kọ̀ bí ó bá ní ìdí pàtàkì láti bẹ̀rù pé ọ̀tá yóò jàǹfààní rẹ̀. Ogun láàárín orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ kọ ọ́. Ó di 1977 kí àfikún àdéhùn náà tó sọ ọ́ kedere, fún ogun abẹ́lé pẹ̀lú, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ebi aráàlú jagun.

Àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè ńkọ́? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Harold Wilson ń ta ohun ìjà fún Èkó nítorí epo rọ̀bì tí Shell-BP ń wà, àti nítorí ìbẹ̀rù pé bí òun bá jáwọ́, Sófíẹ̀tì tó ti fi bàálù ogun ránṣẹ́ láti 1967 ni yóò gba ipò òun. Ó tún ń fi owó ṣe ìrànwọ́ oúnjẹ. Faransé ti De Gaulle sọ ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1968 pé ó yẹ kí àwọn ará Biafra ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ara wọn, ìbọn rẹ̀ sì gba ọ̀dọ̀ Gàbọ́n àti Côte d'Ivoire wọlé, níwọ̀n tí kò ní jẹ́ kí Biafra ṣubú, tí kò sì tó fún un láti borí. Síbẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ kò dá Biafra mọ̀ ní orílẹ̀-èdè títí ogun fi parí. Amẹ́ríkà ní òun kò ní ta ìbọn fún ẹnikẹ́ni, ó ń náwó lórí oúnjẹ, ó sì ta bàálù akẹ́rù mẹ́jọ fún àwọn ìjọ àti Àgbélébùú Pupa ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tí Nixon gorí àlééfà, ó yan Clyde Ferguson ṣe alábòójútó ọ̀rọ̀ ìrànwọ́, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ oṣù bá ìhà méjèèjì sọ̀rọ̀ pé kí ọkọ̀ ojú omi máa gba odò Cross kó oúnjẹ wọlé. Kò yọrí sí rere.

Tànsáníà yàtọ̀ díẹ̀ sí àwọn yòókù lójú mi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1968 ni Julius Nyerere dá Biafra mọ̀, ohun tó sì gbà gbọ́ ni pé ìjọba tí kò lè dáàbò bo ẹ̀mí ẹ̀yà kan kò lè fi ipá sọ pé kí ẹ̀yà náà ṣì jẹ́ tòun. Gàbọ́n, Côte d'Ivoire àti Sáḿbíà tẹ̀lé e lóṣù tó tẹ̀ lé e, Haiti sì tẹ̀lé e ní 1969. Márùn-ún péré náà nìyẹn. Kò sí ẹ̀rí pé ìdánimọ̀ yìí fi àpò wàrà kan kún èyí tó ń dé Uli. Ohun tó fún Ojukwu ni ìrètí, ìrètí náà sì mú kí ó túbọ̀ le lórí tábìlì ìpàdé.

Ọwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ni gbogbo ayé fi ọ̀rọ̀ sí. Ní ìpàdé Kinshasa nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, àjọ náà sọ pé ọ̀ràn inú ilé Nàìjíríà ni, ó sì yan olórí orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Haile Selassie ti Etiópíà ni alága wọn, pé kí wọ́n lọ rí Gowon. Kò ṣòro láti mọ ìdí: Mobutu tó gba àlejò ìpàdé náà ṣì ń rántí bí Katanga ṣe fẹ́ ya kúrò lára Congo, kò sì sí olórí kan níbẹ̀ tí kò ní Katanga tirẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kampala nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1968, ó sì dàrú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní Niamey nínú oṣù Keje, níbi tí Gowon àti Ojukwu ti fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà oúnjẹ sì fẹ́ẹ́ lójútùú. Ní Àdìs Àbábà nínú oṣù Kẹjọ, Ojukwu fi ju wákàtí méjì lọ sọ̀rọ̀, ó sì wọ bàálù padà sílé. Gowon kò yọjú, Anthony Enahoro ló ṣojú rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé Algiers yóò fi dìbò nínú oṣù Kẹsàn-án, àwọn mẹ́rin tó dá Biafra mọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà nìkan ló tako ìpinnu pé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀kan.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú Àpéjọ Gbogbogbòò rárá. U Thant, akọ̀wé àgbà àjọ náà, ní ti Áfíríkà ni. UNICEF nìkan ló rí ihò gbà, nítorí pé òfin tó gbé e ró gbà á láyè láti fún ọmọdé lóúnjẹ láìbéèrè irú àsíá tó wà lórí ilé rẹ̀.

Láti fi pa ẹnu ayé mọ́, Gowon pe àwọn alákìíyèsí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Póláńdì, Swídìn, Àjọ Ilẹ̀ Áfíríkà àti Àjọ Àgbáyé ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1968. Wọ́n tẹ̀lé ọmọ ogun àpapọ̀ káàkiri, wọ́n sì jábọ̀ pé àwọn kò rí i pé wọ́n ń pa ẹ̀yà kan run. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ibi tí wọ́n dé. Ìhà kejì ojú ogun, níbi tí ebi wà, wọn kò dé ibẹ̀.

Ohun tó wó ìwọ̀nba ọ̀nà tó kù bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó ti ṣe oore rí. Carl Gustaf von Rosen, awakọ̀ òfuurufú ará Swídìn, ti fi bàálù kó oúnjẹ ìjọ wọ Biafra ní 1968. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1969 ó padà pẹ̀lú àwọn bàálù kéékèèké tí wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, ó sì kọlu pápákọ̀ òfuurufú Port Harcourt, Enugu àti Benin. Àánú ló ní ó mú òun ṣe é, n kò sì rò pé irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n ohun tí Èkó ti ń sọ láti ọdún tó kọjá, pé aláàánú àti olóhun-ìjà jẹ́ ẹnì kan náà, ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ sí i, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, bàálù ìjọba àpapọ̀ yìnbọn já bàálù DC-7 ti Àgbélébùú Pupa Swídìn tó kó oúnjẹ lọ, nítòsí Eket. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú. Wọ́n ní kí August Lindt, ọmọ Swítsáláńdì tó ń darí iṣẹ́ náà, má padà sí Nàìjíríà mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù náà, ìjọba gba àkóso ìrànwọ́ kúrò lọ́wọ́ Àgbélébùú Pupa. Àwọn bàálù ìjọ ń bá a lọ lóru, ṣùgbọ́n ti Àgbélébùú Pupa ti dúró.

Ó wá kù díẹ̀ kí ọ̀nà ṣí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, Àgbélébùú Pupa àti Èkó fọwọ́ sí ìwé pé bàálù lè máa gba Kùtọnu lọ sí Uli lọ́sàn-án, lẹ́yìn àyẹ̀wò. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà pé ètò yìí kò ní dí iṣẹ́ ogun ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Biafra ka gbólóhùn yẹn, ó sì kọ̀. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀: ẹ̀rù tó ba Ojukwu kì í ṣe àròsọ, síbẹ̀ bàálù tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ló kọ̀ yẹn, ní àkókò tí èyí tó kù kò tó. Bí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìhà méjèèjì pín ẹ̀bi náà dọ́gba, ọjọ́ yẹn ni màá tọ́ka sí.

Ní òru ọjọ́ 10 mọ́jú ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 1970, Ojukwu gba Uli kan náà jáde lọ sí Côte d'Ivoire. Philip Effiong tó fi sílẹ̀ kéde lórí rédíò ní ọjọ́ 12 pé ogun ti tán. Ọ̀dọ̀ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta tó ń darí ọmọ ogun àpapọ̀ ní ìhà gúúsù, ni àwọn ọ̀gágun Biafra ti kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀, ní ọjọ́ 15 ni wọ́n sì fọwọ́ sí i ní Èkó. Láàárín ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti mílíọ̀nù mẹ́ta ni iye èèyàn tí onírúurú òǹkọ̀wé fojú dá pé wọ́n kú, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Gowon sọ pé òun kò ní gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ Faransé, Pọtogí, South Africa, Rhodesia (Zimbabwe òde òní), Caritas tó jẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú ìjọ Kátólíìkì, àti Joint Church Aid. Àwọn òyìnbó bẹ̀bẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí bàálù oúnjẹ máa bà sí Uli, ó kọ̀. Orí ilẹ̀, lójú ọ̀nà tí ìjọba rẹ̀ ń ṣọ́, ni oúnjẹ gbà.

Bàbá Láfẹ́ńwá sọ fún mi lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n ti san owó pańla wọn tán, pé lẹ́yìn tí ogun parí ni àwọn ọmọ àgọ́ wọn tó rìn lọ wo Uli ní ọ̀sán fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn retí ohun ńlá kan. Títì ọlọ́dà lásán ni àwọn bá níbẹ̀, ó fẹ̀ ju títì yòókù lọ díẹ̀, ewúrẹ́ sì dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀.